Ilẹ̀kùn tí àwọn ọmọbìnrin Cheltenham gbà wọlé

Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ kó ara yín sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ tètè sá lọ, ẹ sún síwájú díẹ̀. Àga wà níbí, n kò sì ní bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó gbé àpò lé orí dùùrù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ẹ bá mi gbé e kúrò. A máa lò ó tó bá yá.

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo ti jáde, pátákó gbọọrọ kan wà lára ògiri gbọ̀ngàn ìjẹun. Ọ̀dà aláwọ̀ wúrà ni wọ́n fi kọ orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó di ènìyàn pàtàkì sára rẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀ lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ikán ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ bọ̀ lókè. Àwọn tó ṣáájú ṣì wà níbẹ̀ digbí: adájọ́ kan, bíṣọ́ọ̀bù méjì, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ kan. Ẹgbẹ́ tèmi ti di ìyẹ̀fun nílẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n bá àwọn tún un kọ, mo sì gbà tayọ̀tayọ̀. Ìgbà tí mo mú bírò ni mo tó mọ̀ pé mo ti ki ọrùn bọ ọ̀ràn. Ta ni kí n kọ? Ẹnìkan wà nínú kíláàsì wa tó ti ń ṣe nọ́ọ̀sì ní abúlé kan láti 1983, tó ti gbẹ̀bí ìdajì àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ fún mi nígbà tí mo ń béèrè. Adájọ́ àti bíṣọ́ọ̀bù ni gbogbo wọn ń kà.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka orúkọ akẹ́kọ̀ọ́jáde bí ẹni ń yẹ ìwé ìnáwó wò. Mo máa ń wo orúkọ, mo máa ń wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì máa ń bi ara mi pé lọ́dún yẹn, ta ló mú kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn dání. Ilé ẹ̀kọ́ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo fẹ́ fi ṣe é lónìí, nítorí pé ọmọ Èkó kan wà nínú àwọn tó kàwé níbẹ̀ ní ohun tó lé ní 140 ọdún sẹ́yìn. Cheltenham Ladies' College ni orúkọ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni, èyí tí owó orí ìjọba kò gbé ró. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń da ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn rú, torí pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn a máa pe àwọn tó lọ́jọ́ lórí nínú irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní public school. Ẹni tó bá gbọ́ ọ a rò pé ti gbogbo ayé ni. Ẹ bi ẹni tó bá ti san owó ibẹ̀ rí.

Gloucestershire ni ìlú Cheltenham wà. Omi ìwòsàn tó ń sun láti inú ilẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di olókìkí, tí àwọn ènìyàn ń wá mu ún nítorí àìsàn. Nígbà tó yá, àwọn ọ̀gágun àti àwọn akọ̀wé àgbà tó ti sin East India Company ní Íńdíà títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wá síbẹ̀. Wọ́n ní orúkọ, wọ́n ní owó ìfẹ̀yìntì, wọ́n sì ní ọmọ. Àwọn ọmọkùnrin ti ní ilé ẹ̀kọ́ tiwọn láti 1841. Ní 1853, àwọn ọkùnrin mélòó kan jókòó, wọ́n ní ó tó àkókò láti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin. Oṣù kejì ọdún 1854 ló ṣí, pẹ̀lú ọmọ 82. Wọn kò fi irú ọmọ tí wọ́n fẹ́ pamọ́: ọmọ ọlọ́lá àti ọmọ àwọn tó ń fi ìwé jẹun. Ọmọ oníṣòwò kò sí nínú ètò. Ẹ bá mi fi gbólóhùn yẹn sápò. A máa yọ ọ́ jáde.

Ọdún kẹrin kò tíì yí po tán tí iye ọmọ fi já wálẹ̀ sí 69, owó sì ń tán lọ. Àsìkò yẹn, ní 1858, ni wọ́n gba Dorothea Beale, ọmọ ọdún 27, ọmọ dókítà oníṣẹ́ abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò kúrò níbẹ̀ mọ́ títí ó fi kú ní 1906. Ọdún 48 lórí àga kan ṣoṣo! Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń ṣí nípò lọ́dún mẹ́ta mẹ́ta, ẹ pẹ̀lẹ́ o.

Ọgbọ́n kan wà tí obìnrin yìí dá tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ìyókù lọ. Ó fẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó sì mọ̀ pé bí òun bá pè é ní sáyẹ́ǹsì, àwọn bàbá á ní wọ́n ń sọ ọmọ àwọn di ọkùnrin, wọ́n á sì wá kó ẹrù rẹ̀ lọ. Ló bá pè é ní jọ́gíráfì. Jọ́gíráfì kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, torí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ọmọkùnrin kò fi bẹ́ẹ̀ ka iṣẹ́ náà sí. Abẹ́ orúkọ yẹn ló ti ń kọ́ wọn ní ohun tó wà nídìí afẹ́fẹ́ àti òjò, òkun àti òkè. Àwọn ìyá wa mọ ọgbọ́n yìí. Inú ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń po àgbo sí.

Obìnrin tó le ni. Ọmọ kan kò gbọdọ̀ bá èkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé ẹ̀kọ́ láìgba àyè. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Frances Mary Buss, tó dá ilé ẹ̀kọ́ ọmọbìnrin North London Collegiate sílẹ̀, kò lọ́kọ, àwọn ènìyàn sì fi wọ́n kọrin yẹ̀yẹ́ pé ọfà ìfẹ́ kì í bà wọ́n lára. Wọn ò dá a lóhùn. Ní àwọn ọdún 1860, ìgbìmọ̀ tí ìjọba yàn láti wádìí ipò ilé ẹ̀kọ́ girama pè wọ́n láti wá jẹ́rìí, àwọn méjèèjì sì lọ sọ ọ́ lójú àwọn ọkùnrin náà pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fún ọmọbìnrin nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò kún ojú òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn náà ni Beale dá ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Cheltenham, tó sì dá St Hilda's, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin, sílẹ̀ ní Oxford ní 1893.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo àwọn tó gba abẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Jane Ellen Harrison ni mo fẹ́ fi ṣáájú. Ọmọ Yorkshire ni, wọ́n bí i ní 1850. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ kú lẹ́yìn tó bí i, nígbà tó sì yá, bàbá rẹ̀ fẹ́ olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ nínú ilé. Nígbà tí Jane di ọmọ ọdún 17, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára ọ̀dọ́ àlùfáà kan tí wọ́n jọ máa ń sọ̀rọ̀ nípa Bíbélì èdè Gíríìkì. Ìyàwó bàbá rẹ̀ kò dúró gbọ́ àlàyé. Cheltenham ni ọmọ bá ara rẹ̀. Ìyà ni wọ́n rò pé àwọn fi ń jẹ ẹ́. Ní 1874 ó wọ Newnham, ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ní Cambridge, ó kàwé, ó ṣe ìdánwò, ó yege, wọn kò sì fún un ní oyè. Cambridge kò fún obìnrin ní oyè tó péye títí di 1948. Ogún ọdún gbáko ni Harrison ti wà nínú ilẹ̀ nígbà yẹn.

Síbẹ̀, òun ni ọ̀pọ̀ kà sí obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi ìwádìí ìmọ̀ jẹun. Ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀sìn àwọn Gíríìkì àtijọ́ jáde ní 1903. Títí di ìgbà náà, ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń kọ́ ọmọ ni àwọn òrìṣà orí òkè Olympus, bí àwọn akéwì ṣe fọ̀ wọ́n mọ́ tí wọ́n ń dán gbinrin. Harrison ní kí wọ́n wo abẹ́ rẹ̀. Ó ní àwọn ènìyàn ti ń bọ òkú, wọ́n ti ń bọ ejò, wọ́n ti ń ṣètùtù fún ilẹ̀ kí irè oko lè ta, tipẹ́tipẹ́ kí akéwì kankan tó wá sọ ìtàn lé e lórí. Ìṣe ló ṣáájú, ìtàn ló tẹ̀lé e. Inú bí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kan gidi. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó ti tẹ̀lé eégún láti kékeré, mi ò rò pé ẹnu á yà á. Ta ló béèrè ìtàn kó tó jó?

Louisa Aldrich-Blake ńkọ́? 1865 ni wọ́n bí i. Ní Cheltenham, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti kírikẹ́ẹ̀tì ló fẹ́ràn. Ọwọ́ tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ yẹn ló padà mú ọ̀bẹ iṣẹ́ abẹ, ní 1895 ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gba oyè ọ̀gá nínú iṣẹ́ abẹ. Láti 1914 títí ó fi kú ní 1925, òun ni olórí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n dá sílẹ̀ fún àwọn obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ère rẹ̀ wà ní Tavistock Square. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ lọ́hùn-ún, tí ẹ máa ń gba Euston kọjá, kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ẹ yà wò ó.

Lilias Hamilton gba ibi tó jìnnà jù lọ. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì kó tó di dókítà, ó lọ sí Kòlkátà, láti ibẹ̀ ló sì ti dé Kabul ní àárín àwọn ọdún 1890, níbi tó ti di dókítà Abdur Rahman Khan, ọba Afganísítáànì. Obìnrin kan láti Cheltenham, láàfin, tó ń wo ọba sàn. Ẹ fojú inú wò ó.

Mo tún fẹ́ dárúkọ May Sinclair. Ọdún kan péré ló lò níbẹ̀, 1881 sí 1882. Beale rí ohun tó wà nínú ọmọ náà, ó ní kó máa kọ èrò rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́. Sinclair di òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ. Ní 1918, nígbà tó ń ṣàgbéyẹ̀wò àwọn ìwé Dorothy Richardson, ó mú gbólóhùn kan láti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa ọkàn, stream of consciousness, èrò tó ń ṣàn bí odò láìdúró, ó sì fi ṣàlàyé bí ìtàn àròsọ ṣe lè rí. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ tó jókòó síbí ti kọ gbólóhùn yẹn sínú ìdánwò rí. Mélòó nínú yín ló mọ ẹni tó kọ́kọ́ lò ó fún ìwé ìtàn?

Ẹ to àwọn ọdún yìí tì ara wọn, kí ẹ wo ohun tí yóò hàn. Newnham ṣí ní 1871. Harrison wọ ibẹ̀ ní 1874. Wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn àwọn obìnrin sílẹ̀ ní 1874, òfin gbà kí obìnrin forúkọ sílẹ̀ bíi dókítà ní 1876, Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù gbà láti fún obìnrin ní oyè ní 1878. Hamilton àti Aldrich-Blake sì yọ. Ká ní ọgbọ̀n ọdún ṣáájú ni wọ́n bí Aldrich-Blake, orí rẹ̀ ì bá pé bẹ́ẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ì bá le bẹ́ẹ̀, kò sì ní sí pátákó kankan tí orúkọ rẹ̀ máa wà. Maude Royden ní tirẹ̀ fẹ́ wàásù. Ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n bí i sí kò gba obìnrin láyè lórí àga ìwàásù, ló bá lọ sí ìjọ mìíràn, City Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, tó di igbákejì oníwàásù níbẹ̀ ní 1917. Ilẹ̀kùn kan kò ṣí, ó lọ kan òmíràn. Nítorí náà, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ń yangàn pé àwọn ọmọ àwọn ló kọ́kọ́ ṣe èyí, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tọ̀hún, òótọ́ ni. Àmọ́ mo tún máa ń gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́ nínú ẹ̀, àwọn ọdún tí Ilé Aṣòfin àti yunifásítì jọ̀wọ́ ọwọ́. Ohun tí Beale ṣe ni pé ó ti kó àwọn ọmọ wá tò sẹ́nu ọ̀nà, ìwé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n tó ṣí i.

Ti ìgbà tó súnmọ́ wa, mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Bridget Riley, ayàwòrán tí ìlà dúdú àti funfun rẹ̀ ń mì lójú ẹni, kàwé níbẹ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó gba ẹ̀bùn àgbáyé fún àwòrán kíkùn ní Venice ní 1968. Lisa Jardine, òpìtàn. Sue Lloyd-Roberts, akọ̀ròyìn BBC tó máa ń yọ́ wọ ibi tí ìjọba kò ti fẹ́ rí oníròyìn. Àwọn méjèèjì kú ní 2015. Kristin Scott Thomas, òṣèré. Nígbà tiwọn, ilẹ̀kùn ti wà ní ṣíṣí. Ohun tó kù ní ìdènà ni owó. Lónìí, ọmọ tó bá ń gbé inú ọgbà ibẹ̀ á san ju £40,000 lọ lọ́dún, láti oṣù kìíní 2025 sì ni ìjọba Bìrìtéènì ti gbé owó orí ọjà, ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, lé owó ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Àwọn òbí láti Nàìjíríà wà nínú àwọn tó ń san irú owó bẹ́ẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo mọ àwọn kan. Mi ò ní tọ́ka, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ọmọ Èkó tí mo sọ ńkọ́? Victoria Davies ni orúkọ rẹ̀, ọdún kan náà, 1863, ni wọ́n sì bí òun àti May Sinclair.

Kí n tó sọ ti ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá. Ní 1848, àwọn ọmọ ogun Dàhọ́mì kọlu Òkè-Ọ̀dàn, nílẹ̀ Yewa. Wọ́n pa àwọn òbí ọmọbìnrin kékeré kan, wọ́n sì kó òun lọ sí Abomey. Àìná ni orúkọ tí ọ̀pọ̀ ń pè é. Ẹ mọ ẹni tí à ń pè ní Àìná: ọmọ tó wá sáyé pẹ̀lú ìwọ́ lọ́rùn. Ní 1850, Frederick Forbes, ọ̀gá ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Bonetta, wá bá Ọba Gezo ti Dàhọ́mì láti bẹ̀ ẹ́ pé kó fi òwò ẹrú sílẹ̀. Gezo kò fi òwò sílẹ̀, ó fi ọmọ náà ta á lọ́rẹ kó mú un lọ fún Ọbabìnrin Victoria. Forbes fún un ní orúkọ ara rẹ̀, ó sì fi ti ọkọ̀ rẹ̀ lé e. Bí Àìná ṣe di Sarah Forbes Bonetta nìyẹn: orúkọ ọ̀gá ọkọ̀, orúkọ ọkọ̀, kò sí ti ilé bàbá kankan níbẹ̀.

Ọbabìnrin gba ìtọ́jú rẹ̀. Wọ́n rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní Freetown, ó tún padà sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní oṣù kẹjọ 1862, ó fẹ́ James Pinson Labulo Davies ní ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton. Ọmọ Sàró ni Davies, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, ó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun, ó sì ti di oníṣòwò ńlá ní Èkó. Owó rẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ CMS Grammar School ní 1859. Camille Silvy ya fọ́tò wọn lọ́dún ìgbéyàwó yẹn, ó wà ní National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ti tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi dùn mí. Sarah wọ kaba funfun tó tú yẹ̀rì sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bojú jẹ́. Ó kàn ń wò.

Ọmọ àkọ́bí wọn ni wọ́n sọ ní Victoria, Ọbabìnrin sì di ìyá ìsàmì rẹ̀. Ó fi ife wúrà àti àwo ránṣẹ́, pẹ̀lú ọ̀bẹ, fọ́ọ̀kì àti ṣíbí tí wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí lára. Ní àwọn ọdún 1870, òwò Davies dojú dé. Ó wá lọ sí oko ní Ijon, lápá Agége, ó ń gbin kòkó. Ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbin ín fún òwò nílẹ̀ wa. Ikọ́ ẹ̀gbẹ mú Sarah, ó kọjá sí erékùṣù Madeira nítorí afẹ́fẹ́ ibẹ̀, níbẹ̀ ló sì kú sí ní 15 oṣù kẹjọ 1880. Ọkọ rẹ̀ gbé òpó òkúta kan dúró ní oko Ijon ní ìrántí rẹ̀. Ọmọ wọn Victoria, ọmọ ọdún 17, wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ó ń lọ kí Ọbabìnrin ní ilé rẹ̀ ní Osborne. Àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ kí i yẹn gan-an ni ìròyìn ikú ìyá rẹ̀ kàn án lára. Ó lọ bẹ́ẹ̀. Ọbabìnrin kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà pé òun rí ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òun jẹ́ ìyá ìsàmì fún, àti ohun tó gbọ́ láàárọ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọbabìnrin bu owó ọdọọdún fún un, tó sì wọ Cheltenham.

Ẹ yọ gbólóhùn tí ẹ fi sápò jáde. Ọmọ oníṣòwò kò sí nínú ètò. Ọmọ oníṣòwò ni Victoria, ti oníṣòwò tí gbèsè ti wọ̀ lọ́rùn pàápàá. Kọ́kọ́rọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn fún un kò sí lọ́wọ́ Beale, kò sí lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ààfin ló wà. Ó jókòó nínú ilé ẹ̀kọ́ kan náà tí May Sinclair ti ń kọ àròkọ rẹ̀, tí Aldrich-Blake ti ń wá ẹni tó máa kàn lẹ́ṣẹ̀ẹ́, ìwé kan náà ni wọ́n sì ń kà.

Ó padà sí Èkó. Ní 1890 ó fẹ́ Dókítà John Randle, tó kàwé ní Edinburgh, ẹni tó padà dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ pẹ̀lú Dókítà Ọ̀bàsá ní 1908, tó sì gbẹ́ odò ìwẹ̀ sí Oníkan ní 1928 nígbà tí ìjọba amúnisìn kò fẹ́ ṣe é. Ibi odò ìwẹ̀ náà ni ilé àṣà Yorùbá tó ń jẹ́ orúkọ Randle wà lónìí. Orúkọ ọkọ kò parun.

Ti aya ńkọ́? Kí ló lè fi ìwé rẹ̀ ṣe? Harrison padà dé Cambridge, ó bá Newnham. Victoria padà dé Èkó ní àwọn ọdún 1880, kí ló bá? Obìnrin àkọ́kọ́ tó di lọ́yà nínú àwọn ọmọ wa ní Èkó, Stella Thomas, 1933 ni. Obìnrin àkọ́kọ́ nínú wa tó ṣiṣẹ́ dókítà nílé, Abímbọ́lá Awóliyì, 1938 ló gboyè ní Dublin. Ilé ẹ̀kọ́ girama tí ìjọba dá sílẹ̀ fún ọmọbìnrin, Queen's College, 1927 ló ṣí, pẹ̀lú ogún ọmọ. Ẹni tó sì wà nídìí owó tí àwọn obìnrin Èkó dá fún un ni Oyinkán Ajasa, Ìyá Abayọmí tí gbogbo wa mọ̀. Òun náà ti lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Gloucestershire yẹn kan náà ní 1909, ó sì di olùkọ́ ní Queen's College. Ẹ wo bí àwọn ọdún yìí ṣe tò: 1927, 1933, 1938. Victoria Davies Randle kú ní 1920.

Mo wá a nínú ìwé títí. Ìyàwó dókítà ni wọ́n pè é, ọmọ ìsàmì Ọbabìnrin ni wọ́n pè é. Mo wá bá orúkọ rẹ̀ pàdé níbi tí n kò rò.

Òǹkọ̀wé orin kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù tí ń jẹ́ Samuel Coleridge-Taylor. Bàbá rẹ̀ jẹ́ dókítà láti Sàró. Ní 1905, wọ́n tẹ ìwé orin dùùrù rẹ̀ jáde ní Boston, orin 24, gbogbo rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn dúdú ní Áfíríkà, ní erékùṣù West Indies àti ní Amẹ́ríkà. Booker T. Washington ló kọ ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà jẹ́ ti Yorùbá, "Oloba" ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀, láìsí àmì ohùn kankan, bí òyìnbó ṣe máa ń kọ èdè wa. Ẹni tó fún un ní ohùn orin náà ni Ìyáàfin Victoria Randle ti Èkó.

Ẹ rò ó wò. Obìnrin tí wọ́n kọ́ níwèé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí àyè yọ fún un láti fi ohun kan sínú ìwé, orin tí wọ́n ń kọ nílé ló mú wá. Coleridge-Taylor sì fi ọ̀wọ̀ tọ́jú rẹ̀, kò fi dùùrù bò ó mọ́lẹ̀.

Pátákó ilé ẹ̀kọ́ tèmi, mo ti tún un kọ báyìí. Nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ béèrè pé kí ni kí àwọn kọ síwájú orúkọ rẹ̀, mo ní kí wọ́n kọ nọ́ọ̀sì.

Ọ̀gbẹ́ni tó wà nídìí dùùrù, ṣé ìwé orin náà wà lọ́wọ́ yín? Ó wà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n pa fáànù yẹn díẹ̀, ó ń pariwo. "Oloba" ni. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún wa.